Àṣá Orí Èbúté àti Ìyá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá ń ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti obìnrin kan tó máa ń gbé àpótí irin tó tóbi tó ilé láti inú ọkọ̀ òkun, tí yóò sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ibùsùn. Ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí òyì máa ń kọ́ bó bá gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé! Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun!

Iṣẹ́ ló gbé tọkọtaya yìí kúrò nílé dé ìlú òkèèrè tí wọ́n wà, ìlú etí òkun kan. Pálọ̀ kan, yàrá kan, àti ilé ìdáná tí èèyàn méjì kò lè kọjá ara wọn nínú rẹ̀ kí ikùn má kan ikùn. Ìsàlẹ̀ ilé ni. Nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé, ìyàwó fẹ́ràn yàrá kan lókè pátápátá nítorí pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Ọkọ wo àtẹ̀gùn, ó wo ìyàwó, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, bó bá jẹ́ pé o fẹ́ di opó ni, sọ fún mi ní tààrà." Bí wọ́n ṣe gba ìsàlẹ̀ nìyẹn.

Àga ni iṣẹ́ ọkọ. Àga tó ti rì, tí fóòmù inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, ni wọ́n máa ń gbé wá fún un. Á tú aṣọ ara rẹ̀, á fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á so sípíríńgì tó ti já, á gé fóòmù tuntun, á wá fa aṣọ bò ó títí ojú rẹ̀ yóò fi dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó yó. Òórùn awọ àti aṣọ àtijọ́ kì í kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀. Inú àga ló sì ti máa ń rí ìyanu tirẹ̀: ìyarí, bọ́tìnnì, ṣíbí, nígbà kan eyín ọmọdé. Onítìmùtìmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀ bí inú bá ń bí i.

Ìyàwó ńkọ́? Àṣá ni wọ́n ń pè é ní èbúté. Ẹ ti rí kéréènì èbúté rí? Kì í ṣe kéréènì kékeré tó ń wọ́ mọ́tò tó bàjẹ́ o! Èyí tí mò ń wí yìí, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló fi dúró, ọkọ̀ àjàgbé ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, apá gígùn kan nà jáde lórí rẹ̀ títí dé orí omi. Abẹ́ apá yẹn ni yàrá kékeré kan rọ̀ sí, tí í ṣe gíláàsì yípo, gíláàsì ni ilẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Ibẹ̀ ni Àṣá máa ń jókòó sí, tí yóò tẹ̀ síwájú tí yóò máa wo ìsàlẹ̀ láàárín orúnkún ara rẹ̀, ọ̀pá kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì. Ẹrù tó bá rọ̀ sórí okùn irin máa ń fì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ náà á dúró, á máa retí kí ó fì tán. Àṣá kì í dúró. Bí ẹrù bá fì síwájú, á sáré tẹ̀ lé e, á bá a níbi tó fì dé, á dúró sórí rẹ̀ gan-an, fífì náà á sì kú fin-ín, bí ẹni pa iná.

Ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ ìgbádùn wọn. Wọn kì í béèrè ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń lọ. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa wọ̀, wọn kò sì ní sọ̀ títí dé ibùdó tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ti tipa bẹ́ẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ rẹ́ irun àgùntàn. Wọ́n ti dé abúlé kan tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju bẹ́ǹṣì kan àti ajá tó ti darúgbó. Lọ́jọ́ kan wọ́n dé ìdí ilé gogoro tí wọ́n máa ń tan iná sí lórí fún àwọn atukọ̀. Kí ọkọ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Àṣá ti dé ṣóńṣó, ó ń juwọ́.

"Ọkọ mi! Máa bọ̀ wá wo nǹkan!"

"Mò ń ṣọ́ báàgì!"

"Ta ló fẹ́ jí báàgì búrẹ́dì?"

"O ò mọ èrò inú èèyàn!"

Gbogbo ayé wọn dùn báyìí, àfi nǹkan kan ṣoṣo tó ń jẹ ọkọ lọ́kàn: irọ́ kan tó pa fún ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Káfíńtà ni bàbá Àṣá, orí ilé ló ti máa ń kan páànù. Òkè ilé kan ló ti já bọ́, kò sì dìde mọ́. Àṣá kéré nígbà náà. Ìyá rẹ̀, tó ti fi orí ru omi fún àwọn bíríkìlà láti ìgbà ọmọge rẹ̀, wà ní ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú garawa lórí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ ọ́ pé kò sí ọmọ òun kankan tó máa jẹun láti ibi gíga. Nígbà tí Àṣá sì ń rìnrìn àjò lọ, ohun tí ìyá fi dágbére fún un nìyẹn: "Iṣẹ́ yòówù tí o bá rí, kí ẹsẹ̀ rẹ ṣáà wà nílẹ̀." Àṣá ní, "Ẹ ṣeun, Màámi." Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó máa ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni. Bí ìyá bá sọ pé kó fi kéréènì sílẹ̀ lónìí, ọ̀la ni yóò fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn ju oorun lọ yóò bọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ìyá gbọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ sílé kẹ́yìn, tí gbogbo ìdílé jókòó yí wọn ká, ìyá béèrè níṣojú àwọn àbúrò àti àwọn ẹ̀gbọ́n, "Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe lọ́hùn-ún?" Àṣá na ọwọ́ sí ife omi. Onítìmùtìmù bọ́ síbẹ̀ wàrà: "Ọ́fíìsì ni, Màmá. Ó ní tábìlì tirẹ̀."

Ah, inú ìyá dùn! Ó ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, ó gbá a mọ́ra. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, ó ti hun súẹ́tà fún un, ó ní òun gbọ́ pé òtútù máa ń mú wọn ní ọ́fíìsì. Àṣá kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú títí wọ́n fi gbé oúnjẹ dé.

Nígbà tó yá, àárò ìyá sọ Àṣá, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é kó wá kí wọn, irọ́ ọ́fíìsì náà ṣì wà nílẹ̀. Ìyá dé. Ọjọ́ tó dé, gbogbo àga pálọ̀ ló jókòó lé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fò sókè sódò díẹ̀ lórí wọn bí ọmọdé, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, eléyìí dára. Eléyìí le jù. Ta ló bá ọ ṣe eléyìí?" Ní àárọ̀, Àṣá á wọ súẹ́tà rẹ̀, á gbé báàgì, á ní òun ń lọ sí ọ́fíìsì. Ìyá á tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, á máa wò ó títí yóò fi yà ní kọ́nà. Ọkọ á kàn tẹ orí mọ́ ife tíì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ìyá ní òun fẹ́ rí òkun. Ṣé èyí burú? Kò burú. Pápá kan wà lórí òkè tó kọjú sí èbúté, wọ́n to bẹ́ǹṣì síbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fara fẹ́ atẹ́gùn. Onítìmùtìmù ronú pé ibẹ̀ jìnnà sí kéréènì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó mú ìyá lọ. Ó rántí ohun gbogbo àyàfi ẹnu ara rẹ̀.

Ìyá jókòó, ó tẹjú mọ́ omi. Ọkọ̀ òkun kan wà níbẹ̀ tó gùn ju àdúgbò wọn nílé lọ, wọ́n to àpótí pupa, àpótí aláwọ̀ ewé, àpótí aláwọ̀ omi lé e lórí bí ẹni to ìṣáná. Kéréènì méjì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá wí nígbẹ̀yìn, "wo ti ọwọ́ òsì yẹn. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ń kánjú. Ẹrù ń fì, òun náà ń bínú sí i. Yóò fọ́ nǹkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ ọ̀tún! Wò ó! Wò ó!" Ìyá ti dìde. "Bí a ṣe ń ru omi nìyẹn! Bí omi inú garawa bá fẹ́ dà síwájú, o ò ní dúró gbagidi, wàá bá a lọ díẹ̀, yóò sinmi. Ó ń bá a lọ! Ó ń bá a lọ! Ó gbé e kalẹ̀. Yé! Ọwọ́ ẹni yìí tutù. Ọmọ ta nìyẹn? Mo ní ọmọ ta ló ń ṣe báyìí?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan jókòó, wọ́n ń yin ìyàwó rẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Àyà rẹ̀ wú, ó wú, ó wú títí kò fi gbà á mọ́. Ó fò dìde. Ó na ìka. "Ìyàwó mi ni! Ìyàwó mi nìyẹn, Màmá! Àṣá! Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo èbúté yìí!"

Ìgbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tán ló tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá kò pariwo. Ó wo kéréènì náà láti ẹsẹ̀ dé orí, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí òtútù mú. Nígbà tí wọ́n délé, ó wọ yàrá, ó ń di ẹrù.

Bí Àṣá ṣe ti iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, àpótí ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Onítìmùtìmù," ni Àṣá wí.

"Wọ́n ń yìn ọ́ ni," ọkọ fèsì, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Mi ò lè pa á mọ́ra."

Ìyá jáde. "Tìẹ náà dà? Lọ di tìẹ. A jọ ń lọ sílé ni."

Àṣá kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti dúró nísàlẹ̀ nígbà kan, mo sì rí ohun tí mo rí. O fẹ́ kí n máa sùn nílé kí n máa ronú pé o wà ní ibi tí ẹyẹ wà?"

"Kò rí bí ẹ ṣe rò ó, Màámi. Ẹ wá wò ó ná. Ẹ wo ibi tí mò ń jókòó sí, kí ẹ tó sọ pé kí n fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ti wò ó tán tí ẹ ní kí n bọ́ sílẹ̀, màá bọ́ sílẹ̀. N ò ní jiyàn."

Ìyá jókòó lé orí àpótí rẹ̀. "Ó dára. Màá gùn ún. Bí ẹsẹ̀ mi bá gbọ̀n lókè yẹn, o di ti ilé. Bí kò bá gbọ̀n, n kò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́."

Àṣá lọ bẹ ọ̀gá èbúté, ó sì mú èsì wá sílé: ọ̀gá gbà. Wọ́n máa ń dá kéréènì dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà wọ́n máa ń fi àpótí òfìfo kan dán an wò. Ó ní ìyá lè gòkè lọ́jọ́ náà, bí ẹnì kan nínú ẹbí bá lè dì í lọ́wọ́ mú, torí ọmọ rẹ̀ á ti wà nídìí iṣẹ́. Gbogbo ojú yí sí Onítìmùtìmù. Ó ní, "Èmi?" Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá.

Wọ́n dé wọn ní àkẹtẹ̀ líle, wọ́n wọ̀ wọ́n ní ẹ̀wù tó ń dán yinrin, wọ́n kó wọn sínú àpótí irin tó ń gbé èèyàn gòkè lára ẹsẹ̀ kéréènì. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó ń dún bí ọbẹ̀ tó ń hó. Nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, ọ̀nà tóóró kan ló kù tí wọ́n máa rìn dé yàrá gíláàsì. Irin ni, ṣùgbọ́n irin oníhò ni. Èèyàn ń rí ọkọ̀ àjàgbé láàárín ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n kéré bí pálí ìṣáná.

Onítìmùtìmù wo ìsàlẹ̀. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Àna mi," ni ìyá wí, "ṣé ìwọ lò ń mì ni, àbí kéréènì?"

"Àwa méjèèjì ni, Màmá."

"Di ìborùn mi mú. Wo ẹ̀yìn ọrùn mi, má wo ibòmíràn. Wọ́n ní kí o wá dì mí mú, o ò rí ayé!"

Bí wọ́n ṣe dé yàrá gíláàsì nìyẹn, ìyá níwájú, àna lẹ́yìn bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Àṣá ti jókòó. Ìyá gba àga kékeré tó wà lẹ́yìn. Onítìmùtìmù jókòó sílẹ̀ ní igun, ó di ojú pinpin. Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lẹ́yìn náà gbogbo yàrá náà yọ́ jáde sórí omi, pẹ̀lú gbogbo wọn nínú rẹ̀, kò sí ilẹ̀ mọ́.

Ó gbọ́ ohùn ìyá, ohùn kékeré kan tí kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. "Ọkọ ọmọ mi. La ojú. Jọ̀ọ́, la ojú rẹ."

Ó là á.

Ah! Bí a bá ní kí a sọ ọ́, ẹnu kò gbà á. Òkun kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ó ṣe máa ń rí láti orí bẹ́ǹṣì. Ó ní ojú ọ̀nà, ó ní àwọ̀ ọ̀kan-ò-jọ̀kan, òjìji àwọsánmà ń rìn lórí rẹ̀ bí màlúù tó ń jẹko lọ. Àwọn ọkọ̀ òkun tó ń dúró de ààyè wọn tò lọ títí wọ́n fi di ẹyọ ìrẹsì. Ó yíjú sí ilẹ̀, ó rí ojú irin mẹ́ta tó ya kúrò láàárín ìlú, ó tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ pẹ̀lú ojú, gbogbo àwọn ibi tí wọ́n ti rìn ní ọjọ́ ìsinmi wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Ilé gogoro atukọ̀ dà bí ìṣáná. Àárín gbogbo èyí ni ìyàwó rẹ̀ wà, obìnrin tó máa ń bá a du búláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ ọ̀pá kékeré díẹ̀ báyìí pẹ̀lú àtàńpàkò, irin tó wúwo ju ilé lọ sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tó ti ń ṣọ́ báàgì nísàlẹ̀, ibi tí obìnrin yìí máa ń wà nìyí! Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ̀.

Atẹ́gùn kan dé, yàrá náà mì. Kì í ṣe díẹ̀. Onítìmùtìmù wo ẹsẹ̀ ìyá, nítorí pé ó mọ àdéhùn. Ẹsẹ̀ ìyá ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n gan-an, bàtà rẹ̀ ń kan gíláàsì, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ó gbé ojú sókè, ìyá ń wò ó. Ìyá mọ̀ pé ó ti rí i.

Àṣá kò rí i. Ó ń gbé àpótí òfìfo náà bọ̀ láti orí ọkọ̀. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí gíláàsì lásán, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó ti já níbi àtàńpàkò. Ìyá tẹ̀ síwájú, ó ń wo ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn. Atẹ́gùn tún gbá yàrá náà. Ẹsẹ̀ náà kò mira. Ó dúró bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ aṣọ nílé ara rẹ̀. Àpótí fì, ó tẹ̀ lé e, ó bá a, ó dúró. Ó gbé e kalẹ̀. Wọn kò gbọ́ ariwo kankan.

"Màámi," ni Àṣá wí láìyíjú padà, "ṣé ó gbọ̀n?"

Onítìmùtìmù tún wo ẹsẹ̀ ìyá.

"Ó gbọ̀n," ni ìyá wí. "Ó gbọ̀n dáadáa. N kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀yin lẹ máa ń purọ́."

Ọwọ́ Àṣá kúrò lórí ọ̀pá. Ó wo omi. Onítìmùtìmù rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀, bí ẹni tó ti ń dágbére.

"Yíjú sí mi," ni ìyá wí. "Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ṣe àdéhùn. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ta ló ní kí n gbé ẹsẹ̀ ẹni tó ti dàgbà lórí ilẹ̀ wá síbí, kí n fi wọn iṣẹ́ ọmọ mi? Ti ìwọ ni mo wò. Ó mọ ibi tó wà." Ó nu ojú pẹ̀lú etí ìborùn. "Jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ. Ẹ̀rù á máa bà mí, má rò pé kò ní bà mí. Tèmi nìyẹn, màá máa gbé e. Ṣùgbọ́n má tún fi ọ́fíìsì kankan tàn mí mọ́. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló fẹ́ lónìí, sọ pé afẹ́fẹ́ fẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ ṣeun, Màámi."

Ohùn ọ̀gá èbúté bú jáde nínú rédíò. Ìyá kò gbọ́ èdè rẹ̀. "Kí ló ń wí?"

"Ó ní kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀."

"Sọ fún un kó ṣe sùúrù. N kò tíì wo apá ibẹ̀ yẹn tán." Ó sì tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ òkun kejì. Àṣá wo ọkọ rẹ̀, ọkọ wo Àṣá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo yàrá gíláàsì náà ń mì, ẹ̀rín ló ń mì í.

Àpótí ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí wọ́n tó tú u. Ní gbogbo ìgbà tó kù kí ó padà sílé, orí òkè ni wọ́n ti máa ń rí i, ó gbé oúnjẹ dání, ó ń fi ìka tọ́ka fún àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀: ti ọwọ́ ọ̀tún, ti ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ mi nìyẹn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á jọ máa wò.

Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí èbúté bá wà níbi tí ẹ ń gbé, tàbí níbi tí ọkọ̀ lè gbé yín dé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi mọ. Ẹ wá ibi gíga díẹ̀, ẹ jókòó, ẹ mú ojú lé àpótí kan ṣoṣo láti inú ọkọ̀ òkun títí yóò fi kanlẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ṣe ń fì. Ẹ wò ó bí ẹnì kan, lókè lọ́hùn-ún, ṣe ń lọ bá a. Ẹ lọ fojú ara yín rí i.